Bí òwe ṣe di ọ̀rọ̀: ìtàn "parabola" láti Gíríìkì títí dé palava

Ẹni tó bá ti jókòó sí Máàsì rí mọ gbólóhùn tí ìjọ máa ń sọ kété kí wọ́n tó gba Kọmúníọ̀n. Ọ̀rọ̀ balógun ọ̀rún inú Mátíù orí kẹjọ ni: òun kò yẹ lẹ́ni tí Olúwa ń wọ ilé rẹ̀, kó ṣáà sọ ọ̀rọ̀ kan, ìwòsàn yóò dé. Ní Látìn, èdè tí wọ́n fi ń ṣe Máàsì títí di àsìkò Ìgbìmọ̀ Vatican Kejì (1962 sí 1965), gbólóhùn náà ni "sed tantum dic verbo". Verbum ni "ọ̀rọ̀" níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá gbé Máàsì bọ́ sí èdè tí kálukú ń sọ nílé, verbum kò bá wọn lọ. Ará Ítálì ń tọrọ "una parola", ará Faransé "une parole", ará Spéìn "una palabra", ará Bràsíl "uma palavra".

Ibí yìí ló ti máa ń rú àwọn èèyàn lójú. Wọ́n ti kọ́ wa pé ọmọ Látìn ni Ítálì, Faransé, Sípáníìṣì àti Potogí. Bí ìyá bá ń pe ọ̀rọ̀ ní verbum, níbo ni àwọn ọmọ ti rí parola, parole, palabra àti palavra, tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ara wọn tí wọn kò sì jọ ìyá? Àwọn kan rò pé ọ̀kan nínú wọn ló dá a sílẹ̀, tí àwọn yòókù yá a lò. Àwọn mìíràn rò pé Látìn tó wà nínú ìwé kì í ṣe ojúlówó. Èrò méjèèjì kò tọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló bí gbogbo wọn, parabola ni. Mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ ní kíkún fún òǹkàwé Yorùbá, nítorí pé àárín òwe àti ọ̀rọ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ti ṣẹlẹ̀, ibi tí àwa náà ti mọ ilẹ̀ dáadáa. Yàtọ̀ sí ìyẹn, palava tí à ń pè nínú Pijin lójoojúmọ́, ọmọ parabola gan-an ni, òun ni ìtumọ̀ rẹ̀ sì rìn jìnnà jù nínú gbogbo ẹbí náà.

Láti ẹnu olùkọ́ dé inú Bíbélì

Gíríìkì ló ni parabolē. "Para" ń tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́, "ballein" sì ni kí a ju nǹkan. Bí a bá pa wọ́n pọ̀, ó di pé kí a gbé ohun kan sí ẹ̀gbẹ́ òmíràn kí a lè fi ọ̀kan mọ èkejì, ìyẹn àfiwé. Aristotle, tó gbé ayé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin ṣáájú Kristi, lo ọ̀rọ̀ náà nígbà tó ń kọ́ni bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ yí ìgbìmọ̀ lọ́kàn padà. Ọ̀dọ̀ Socrates ló ti mú àpẹẹrẹ rẹ̀: ẹni tó ń ṣẹ́ kèké yan olórí ìlú dà bí ẹni tó ń ṣẹ́ kèké yan ẹni tí yóò tukọ̀, tí kò wo ẹni tó mọ ọkọ̀ tù. Irú àfiwé bẹ́ẹ̀ ni parabolē. Àwọn ọ̀mọ̀wé Róòmù bíi Seneca àti Quintilian yá a lò ní ọgọ́rùn-ún ọdún kìíní lẹ́yìn Kristi, wọ́n ń kọ ọ́ ní parabola. Ọ̀rọ̀ olùkọ́ ni nígbà náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjà.

Bíbélì ló mú un kúrò lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ nìkan. Àwọn Júù tó ń túmọ̀ Ìwé Mímọ́ láti èdè Hébérù sí Gíríìkì, iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹta ṣáájú Kristi, bá ọ̀rọ̀ kan pàdé: māšāl. Māšāl gbòòrò. Òwe ni, àfiwé ni, ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ ni, ó tún lè jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a fi ń fi ẹlòmíràn ṣẹ̀sín. Parabolē ni wọ́n mú fún un ní ọ̀pọ̀ ibi. Àwọn tó kọ ìtàn Jésù ní Gíríìkì tẹ̀ lé wọn: afúnrúgbìn tó jáde lọ fúnrúgbìn, hóró músítádì, àgùntàn tó sọnù, parabolē ni wọ́n pè é. Nígbà tí Bíbélì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbọ́ Látìn, àwọn atúmọ̀ kò wá ọ̀rọ̀ mìíràn, wọ́n jẹ́ kí parabola dúró. Jerome, tí Póòpù Damasus gbé iṣẹ́ àtúnṣe Bíbélì Látìn lé lọ́wọ́ ní 382, ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Kódà "Parabolae Salomonis" ni Ìwé Òwe fi bẹ̀rẹ̀ nínú Bíbélì tirẹ̀.

Ẹ ṣí Bíbélì Yorùbá, ẹ ó rí i pé Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ náà gba ọ̀nà kan náà. Òwe Sólómọ́nì, òwe afúnrúgbìn: ọ̀rọ̀ kan fún méjèèjì. Gẹ̀ẹ́sì pín wọn sí méjì, nítorí náà ẹni tó bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì ronú kì í tètè rí ìdí tí Látìn fi fún gbólóhùn kúkurú Sólómọ́nì àti ìtàn gígùn Jésù ní orúkọ kan ṣoṣo. Ọmọ Yorùbá kò ní ìṣòro yẹn rárá. Òwe ni parabola.

Bí ó ṣe bọ́ sẹ́nu gbogbo ayé

Ní ọgọ́rùn-ún ọdún karùn-ún àti ìkẹfà, ṣọ́ọ̀ṣì ni ibi tí àgbẹ̀ àti alágbàṣe ti ń gbọ́ ẹni tó kàwé tó ń bá wọn sọ̀rọ̀. Òwe Olúwa sì ni oúnjẹ ìwàásù. Ọ̀sẹ̀ ń dé, ọ̀sẹ̀ ń lọ, parabola wọ etí, ó sì di ohun tí ẹnu mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀ ń fẹ̀. Láti orí òwe Jésù, ó di ohun tí àlùfáà bá sọ. Láti orí ohun tí àlùfáà sọ, ó di ohun tí ẹnikẹ́ni sọ. Nígbẹ̀yìn, ó di ọ̀rọ̀, èyíkéyìí tó bá ti ti ẹnu jáde.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí verbum ní àkókò kan náà ló ṣí àyè sílẹ̀ fún un. Jòhánù bẹ̀rẹ̀ ìhìnrere rẹ̀ pẹ̀lú "In principio erat Verbum": ní àtètèkọ́ṣe ni Ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè gbà pé bí verbum ṣe di orúkọ Ọmọ Ọlọ́run, ó ṣòro fún èèyàn láti tún máa fi pe ọ̀rọ̀ tí à ń sọ nídìí ọjà tàbí nígbà ìjà. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù wá láti Sardinia, erékùṣù Ítálì tí èdè rẹ̀ tọ́jú ọ̀pọ̀ nǹkan àtijọ́. Ní gúúsù erékùṣù yẹn, "brebus" ni wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà máa ń pè lé aláìsàn lórí, tàbí tí wọ́n fi ń lé ibi ojú ọ̀tá dànù. Verbum ni brebus. Ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ku ọ̀rọ̀ tó ní agbára, ohun tí àwa ń pè ní ọfọ̀. Àwọn onígírámà náà fi díẹ̀ pamọ́ nínú rẹ̀: verbo ni Ítálì, Spéìn àti Pọ́túgàl ń pe ọ̀rọ̀-ìṣe títí di òní.

Àwọn baba wa ní òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe la fi ń wá a. Lọ́dọ̀ wa, ẹṣin àti ẹni tó gùn ún ṣì yàtọ̀ síra. Lọ́dọ̀ àwọn ará ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Róòmù, ọ̀rọ̀ sọnù lóòótọ́, òwe sì jókòó sí àyè rẹ̀, kò dìde mọ́.

Ní 813, àwọn bíṣọ́ọ̀bù tó pàdé ní Tours pàṣẹ pé kí a máa wàásù ní "rustica Romana lingua", èdè Róòmù ti àwọn ará oko, kí ìjọ lè lóye. Ẹnu àwọn èèyàn ti jìnnà sí Látìn inú ìwé débi pé wọn kò gbọ́ ọ mọ́. Ọ̀nà tí kálukú gbà jìnnà sì yàtọ̀ láti ilẹ̀ kan dé òmíràn.

Paraula, parola, parole, palabra, palavra

Ẹ jẹ́ ká pè é: pa-ra-bo-la. Látìn kì í lo ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ bí Yorùbá ṣe ń lò ó. Sílébù kan ni wọ́n máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ọ̀rọ̀, "ra" sì ni níbí yìí. Sílébù tó bá tẹ̀ lé èyí tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ kì í lágbára, ẹnu a sì máa gbé e mì. Ìró tó bá bọ́ sáàárín fáwẹ̀lì méjì náà kì í pẹ́ rọ̀. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan àjèjì sí wa. Òtítọ́ di òótọ́ lẹ́nu wa, egúngún di eégún, adìyẹ di adìẹ, kò sì sí ẹni tó sọ pé Yorùbá ti bàjẹ́ nítorí ẹ̀. Inú mi kì í dùn nígbà tí mo bá ń ka àwọn tó ń pe Sípáníìṣì tàbí Faransé ní Látìn tó bàjẹ́. Èdè tó ń yí padà lẹ́nu àwọn tó ń sọ ọ́ ń ṣe ohun tí èdè ń ṣe ni.

B inú parabola wà láàárín fáwẹ̀lì méjì, ó sì rọ̀ di v. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín. Ní Ítálì àti ilẹ̀ Gáúlì, tí í ṣe Faransé òde òní, v náà rọ̀ sí i títí ó fi yọ́ mọ́ fáwẹ̀lì tó tẹ̀ lé e, ó di paraula. Àwọn Kàtàláànì, tí Barcelona jẹ́ olú ìlú wọn, dúró síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń sọ Occitan ní gúúsù Faransé: paraula ni wọ́n ń pè é di òní. Ará Ítálì àti ará àríwá Faransé fún "au" pọ̀ di "o". Ohun kan náà ni wọ́n ṣe fún aurum, ìyẹn wúrà, tó di oro ní Ítálì àti or ní Faransé. Causa náà, tó wá túmọ̀ sí nǹkan, di cosa ní Ítálì, ó di chose ní Faransé. Bẹ́ẹ̀ ni paraula ṣe di parola àti parole. Ará Faransé kò tilẹ̀ pe "e" ìkẹyìn mọ́.

Spéìn gba ọ̀nà mìíràn. "O" tó wà láàárín b àti l ni wọ́n gbé mì, ó ku parabla. Lẹ́yìn náà r àti l pààrọ̀ àyè, parabla di palabra. Ẹni tó bá rò pé àṣìṣe akọ̀wé kan ni, kó wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Periculum, ewu, di periglo kó tó di peligro. Miraculum, iṣẹ́ ìyanu, di miraglo kó tó di milagro. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, r àti l ti pààrọ̀ àyè lọ́nà kan náà. Irú nǹkan báyìí ló ń mú kí ìmọ̀ ìtàn èdè yàtọ̀ sí àbá lásán: bí ẹnìkan bá ní ìró kan yí padà nínú ọ̀rọ̀ kan, ohun tí à ń bi í ni pé níbo ló tún ti rí i. Potogí náà ṣe pàṣípààrọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n v rẹ̀ hàn ketekete: palavra. Ẹ fi b Spéìn àti v Pọ́túgàl sọ́kàn, wọn yóò wúlò nígbà tí a bá dé etíkun wa.

Kò sí èyí tó yá ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ èkejì rẹ̀ nínú gbogbo àwọn wọ̀nyí. Kálukú jogún parabola, kálukú sì fi ẹnu tirẹ̀ pè é láti ìran dé ìran.

Ọmọ Látìn kan wà tí kò sí nínú ìtàn yìí, Ròmáníà ni. Cuvânt ni wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ níbẹ̀, láti ara conventum, ìpàdé. Aurelian, tó jọba Róòmù láti 270 sí 275, ló kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kúrò ní Dacia, ilẹ̀ tó di Ròmáníà lónìí. Nígbà tó yá, àwọn tó ń sọ èdè Látìn níhà ibẹ̀ bọ́ sábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Ìlà-Oòrùn, tí ìsìn rẹ̀ wà ní Gíríìkì àti ní èdè àwọn Slav. Ìwàásù Látìn tó gbé parabola kiri ìwọ̀-oòrùn kò dé etí wọn.

Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ńkọ́?

Ọ̀rọ̀-orúkọ nìkan kọ́ ló yí padà. Loqui ni Látìn ń pe kí èèyàn sọ̀rọ̀, loqui náà sì kú. Ìrísí rẹ̀ ló ṣòro: wọ́n ń tò ó bí ìgbà tí a ń ṣe nǹkan sí ẹni, bẹ́ẹ̀ ẹni náà gan-an ló ń sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń sọ Látìn lójoojúmọ́ pa gbogbo irú ọ̀rọ̀-ìṣe bẹ́ẹ̀ tì. Àwọn ọmọ loqui tó ṣẹ́ kù wá láti inú ìwé, bíi locutor tí Spéìn àti Bràsíl ń pe sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò.

Méjì ló du àyè rẹ̀. Ọ̀kan ni fabulari, tó ti ara fabula wá, ìyẹn ìtàn tàbí àlọ́. Èkejì ni parabolare, tó ti ara parabola wá. Ìtumọ̀ èyí wú mi lórí: ní gbogbo ilẹ̀ yẹn, láti Lisbon dé Róòmù, ẹni tó bá lanu sọ̀rọ̀ lónìí, bí kò bá pa àlọ́, òwe ló ń pa, bí a bá fi ti gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wò ó. Parabolare di parlare ní Ítálì, parler ní Faransé, parlar lọ́dọ̀ Kàtàláànì. Fabulari di falar ní Pọ́túgàl, ó sì di hablar ní Spéìn. H inú hablar kì í dún, f ló jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí filium, ọmọkùnrin, náà nìyẹn, tó di hijo ní Spéìn àmọ́ tó jẹ́ filho ní Pọ́túgàl. Farina, ìyẹ̀fun, di harina ní Spéìn, ó sì jẹ́ farinha ní Pọ́túgàl. Farinha yìí ni orúkọ tí Bràsíl fún ìyẹ̀fun gbágùúdá wọn tó jọ gàrí.

Kí ló dé tí Spéìn àti Pọ́túgàl fi mú àlọ́ tí àwọn yòókù mú òwe? Ìdáhùn tí àwọn onímọ̀ sábà ń fúnni ni pé fabulari dàgbà ju èkejì lọ. Ó wà lẹ́nu àwọn èèyàn inú eré Plautus, òǹkọ̀wé tó kú ní 184 ṣáájú Kristi, ní 218 ṣáájú Kristi sì ni àwọn ọmọ ogun Róòmù kọ́kọ́ wọ Spéìn. Látìn tètè fi ìdí múlẹ̀ níbẹ̀, fabulari sì bá a wọlé. Parabolare ní tirẹ̀ tẹ̀ lé ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí àyè ọ̀rọ̀-ìṣe kò ṣófo mọ́ níbẹ̀. Àlàyé yìí dára, àmọ́ kò kó gbogbo rẹ̀ tán: Ítálì àtijọ́ náà ní favellare, tí í ṣe ẹbí fabulari, títí parlare fi borí rẹ̀.

Faransé àtijọ́ tún fi nǹkan kan hàn wá tó dára púpọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń kọ́ Faransé ní Cotonou tàbí ní Èkó ń há "je parle, nous parlons" sórí. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn, "je parol" àti "nos parlons" ni. Níbi tí a bá ti tẹ àárín ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, "aul" wà láàyè, ó sì di "ol". Níbi tí a bá ti tẹ ìparí rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹnu gbé àárín mì. Nígbà tó yá, wọ́n sọ méjèèjì di parl-. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-orúkọ parole kò yí padà, ìdí sì nìyẹn tí parler àti parole kò fi jọra tó bí a ṣe lérò.

Ẹni tó ń kọ́ Faransé tún máa ń bi mí pé kí ni ìyàtọ̀ láàárín parole àti mot. Mot ni ọ̀rọ̀ ẹyọ kan tí a lè kọ sílẹ̀, tí a lè wá nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Parole ni ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu èèyàn jáde, ìlérí náà wà nínú rẹ̀. Ítálì, Spéìn àti Pọ́túgàl kì í pín in bẹ́ẹ̀.

Ìbejì tó gba ojú ìwé wá

Ohun mìíràn tó ń da èèyàn láàmú ni pé Spéìn ní palabra, ó tún ní parábola. Ítálì ní parola àti parabola, Faransé ní parole àti parabole, Pọ́túgàl ní palavra àti parábola. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ẹ̀ẹ̀mejì ló wọlé. Èyí àkọ́kọ́ gba ẹnu wá, ó sì gba gbogbo ìyà tí ẹnu ń fi jẹ ọ̀rọ̀. Èyí èkejì, àwọn ọ̀mọ̀wé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tún bù ú nínú ìwé Látìn, nítorí náà ìrísí rẹ̀ kò yí padà. Palabra wá di ọ̀rọ̀ lásán, parábola sì ni òwe Jésù.

Parábola yìí tún ni ìlà tó tẹ̀ kọrọdọ tí a kọ́ nínú ìṣirò. Ọ̀pọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ "jù" tó wà nínú ballein ló fún un lórúkọ, nítorí pé òkò tí a bá jù máa ń tọ ìlà bẹ́ẹ̀. Galileo ló fi ìyẹn hàn, nínú ìwé tó jáde ní 1638. Àmọ́ Apollonius ará Perga ti sọ ìlà náà lórúkọ ní nǹkan bí 200 ọdún ṣáájú Kristi, kò sì ro òkò kankan. Àwọn onímọ̀ ìṣirò Gíríìkì máa ń gbé ààyè onígun mẹ́rin kan lé orí ìlà tó ní ìwọ̀n. Bí ó bá bá a mu gẹ́lẹ́, parabolē; bí ó bá dín, elleipsis; bí ó bá lé, hyperbolē. Ibẹ̀ ni orúkọ ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá. Lónìí, ará Ítálì tó bá ní òun fẹ́ gbé parabola sórí òrùlé, àwo sátẹ́láìtì ló ń wí.

Gẹ̀ẹ́sì kò jogún parabola, ṣe ló ń yá a léraléra. Láti ọ̀dọ̀ Faransé ló ti rí parable. Láti ara parler ló ti rí parlour, yàrá tí àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ inú ilé ìsìn ti lè bá àlejò sọ̀rọ̀, àti parliament, ibi ìsọ̀rọ̀, èyí tí wọ́n ń lò fún àpérò ọba àti àwọn ìjòyè láti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá. Parole ni ọ̀rọ̀ tí ẹlẹ́wọ̀n ogun fi búra pé òun kò ní sá, kí wọ́n lè tú u sílẹ̀. Èyí tó kù kò ti Yúróòpù wọlé.

Palava

Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún ni àwọn atukọ̀ Pọ́túgàl dé etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní 1482 wọ́n kọ́ odi São Jorge da Mina ní Elmina, nílẹ̀ Gánà òde òní. Òwò kò ṣeé ṣe láìsí ìjókòó. Wọ́n ní láti kí ọba, kí wọ́n dúnàádúrà, kí wọ́n gbọ́ ẹ̀sùn, kí wọ́n parí ìjà. Palavra ni àwọn Potogí ń pe irú ìsọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì wọ inú èdè òwò etíkun, òun àti sabi tó ti ara saber wá, àti pikin tó ti ara pequenino wá. Àwọn atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá a níbẹ̀. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní palaver.

Ní Lisbon, palavra kì í ṣe wàhálà. Kò sí ará Bràsíl tó máa gbọ́ palavra tí àyà rẹ̀ yóò já. Báwo ló ṣe wá di wàhálà lọ́dọ̀ wa? Èrò tèmi ni pé èdè àwọn tó ni etíkun ló fún un ní ìtumọ̀ yẹn. Ẹ wo Yorùbá. Bí a bá ní ọ̀rọ̀ wà láàárín lágbájá àti ìyàwó rẹ̀, ó yé gbogbo ayé pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Bí ẹbí bá ránṣẹ́ síni pé ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀, a kì í rò pé ìkíni ni. Àwọn Akan, tí Elmina wà nílẹ̀ wọn, ní asɛm: ọ̀rọ̀ ni, ẹjọ́ ni, ọ̀ràn ni, wàhálà ni. Ẹni tí èdè rẹ̀ ti so ọ̀rọ̀ mọ́ ẹjọ́ báyìí, bí ó bá gba palavra lẹ́nu àlejò, gbogbo ohun tí ọ̀rọ̀ túmọ̀ sí nílé rẹ̀ ni yóò fi sínú rẹ̀. Nítorí náà, àwọn tó ń sọ pé ọ̀rọ̀ Áfíríkà ni palava kò parọ́ pátápátá. Potogí ló ni ìró, etíkun wa ló ni ìtumọ̀.

Ohun tó dùn mí ni ohun tí ọ̀rọ̀ náà dà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìjókòó tí àwọn àgbà ti ń gbọ́ ẹjọ́ láti àárọ̀ dalẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò ní dìde títí tí ìjà fi parí, palaver ni àwọn òyìnbó oníṣòwò pè é. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà délé wọn, ariwo lásán àti àsọdùn ló kù nínú rẹ̀. Àìsùúrù àwọn àlejò ló wà nínú ìtumọ̀ yẹn. Ní Gánà, Sẹ̀rà Líónì àti Lìbéríà, wọ́n fi orúkọ náà pe ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ kan tó dùn, mo rò pé ìyẹn sàn jù.

Àwọn Àgùdà tó ti Bràsíl padà sí Èkó, Porto-Novo àti Ouidah ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún tún gbé palavra dé, èyí tó túmọ̀ sí ọ̀rọ̀ gan-an. Ó wà nínú ilé wọn àti nínú àdúrà wọn, ṣùgbọ́n kò lè lé palava ìta kúrò.

Faransé ní tirẹ̀ pẹ̀lú, palabre. Ẹni tó bá mọ ìtàn r, l, b àti v yóò ti rí i pé èyí kò gba Pọ́túgàl wá. B inú rẹ̀ fi hàn pé Spéìn ni Faransé ti yá a, láti ara palabra, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ń pe ìjókòó àwọn àgbà ní Áfíríkà, títí kan igi tí wọ́n ń jókòó sábẹ́ rẹ̀, arbre à palabres. Ní 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi ààlà la ilẹ̀ Kétu já. Kétu fúnra rẹ̀ bọ́ sọ́dọ̀ Faransé, Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ tirẹ̀ bọ́ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà, ọmọ Kétu tó lọ sílé ìwé ní Bẹ̀nẹ̀ ń pe palabre, ìbátan rẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ sì ń pe palava. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá pàdé, ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń pè é.